Babarímisá tó jọba fún ọjọ́ 5

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni, iṣẹ́ àti òtútù. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Paris, òun ló sì fà mí lọ sí Saint-Denis, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń sin àwọn ọba Faransé sí láyé ijọ́hun. Rélùwéè line 13 la wọ̀, èrò há bí ìgbà tí mọ́lúè bá ń kúrò ní Òṣòdì, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé màá kàn wo fèrèsé aláwọ̀ mèremère wọn, màá ya fọ́tò méjì, ká tètè wá oúnjẹ lọ. Mi ò mọ̀ pé ère ọmọdé kan ló máa dá mi dúró.

Bí ibẹ̀ ṣe rí ni pé àwọn ọba àti ayaba ọ̀hún dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí ibojì wọn, òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, wọ́n lé ní 70, púpọ̀ nínú wọn pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ sáyà bí ẹni ń gbàdúrà, ńṣe lèèyàn á rọra máa rìn láàárín wọn bí ẹni tó wọ yàrá onílé tí onílé ń sùn. Bí mo ṣe ń kọjá ni mo rí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá kan. Mo ní ta nìyí? Àbúrò mi tó gbọ́ Faransé bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní Jean Kìíní ni, ọba Faransé, wọ́n bí i ní November 1316. Mo ní ó wá kú lọ́dún wo? Ó ní November 1316 náà ni. Ọjọ́ 5 ló lò.

Ọjọ́ 5 kẹ̀! Nílé wa ọmọ ọjọ́ 5 ò tíì lórúkọ. Ìyá ìkókó ṣì ń wẹ omi gbígbóná, ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó ṣì ń ṣe kèéta lórí orúkọ tí kálukú máa sọ, ẹni tó máa gbé kánópì wá ò tíì gba àsansílẹ̀. Èyí ti jọba, ó sì ti kú, kó tó dọjọ́ kẹjọ. Bàbá ẹ̀, Louis Kẹwàá, ti kú láti June, oṣù márùn-ún kí òun tó wáyé, Babarímisá gidi ni. Àwọn Faransé náà ò wá orúkọ míì fún un, Jean le Posthume ni wọ́n ń pè é títí dòní, Jean tí bàbá ẹ̀ ti kú kó tó dé. Ẹni tó gbẹ́ ère ẹ̀ ò tiẹ̀ gbẹ́ ọmọ jòjòló, ọmọ tó ti ń sáré kiri ló gbẹ́, bóyá àánú ló ṣe é. Ẹ má sì rò pé egungun wọn ṣì wà lábẹ́ àwọn ère yẹn o, nígbà tí àwọn aráàlú dojú ìjọba ọba dé, ní 1793, wọ́n hú gbogbo wọn jáde, wọ́n da egungun wọn pọ̀ sínú kòtò.

Látìgbà tí mo ti padà sílé ni mo ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sùn dáadáa. Torí ohun tí mo ti gbà gbọ́ tipẹ́ ni pé obìnrin kì í jọba ní Faransé nítorí òfin àtayébáyé kan tí wọ́n ń pè ní òfin Salic. Irọ́ ni jàre. Kò sẹ́ni tó dárúkọ òfin yẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ ń gbóná. Pọ́ọ̀sì ló dá èèwọ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Láti 987 tí àwọn ìjòyè ti fi Hugues Capet jọba, kò sí ọba kan nínú ìdílé ẹ̀ tó kú tí kò fi ọmọkùnrin sílẹ̀. Bàbá kú, ọmọ jẹ, bàbá kú, ọmọ jẹ, ó lé ní 300 ọdún, kò sí pé ó kan ilé ọlọ́mọba yìí, kò kan tọ̀hún. Àwọn tó kọ́kọ́ jẹ nínú wọn tiẹ̀ gbọ́n, wọ́n máa ń dé ọmọ wọn ládé nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì wà láyé, kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú wá rojọ́ nígbà tí òkú bá wà nílẹ̀. Nígbà tó yá wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ọkàn wọn ti balẹ̀. Torí náà kò sẹ́ni tó jókòó bi ara ẹ̀ pé tó bá jẹ́ obìnrin nìkan ni ọba bí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kàn wọ́n.

Ní 1314, ẹni tó wà lórí oyè ni Philippe Kẹrin, Philippe Arẹwà ni wọ́n ń pè é. Arẹwà lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ le. Òun ló kó àwọn Templar, ẹgbẹ́ jagunjagun onígbàgbọ́, jákèjádò Faransé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, October 13, 1307, òun náà ló dáná sun olórí wọn, Jacques de Molay, ní Paris ní March 1314. Ẹ ó máa gbọ́ pé Molay ṣépè látinú iná, pé èpè yẹn ló run ìdílé ọba. Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn ṣe nínú ìtàn yìí tó gẹ́ẹ́, kò nílò èpè. Philippe ní ọmọkùnrin mẹ́ta tó ti gbó, Louis, Philippe àti Charles, ó tún ní obìnrin kan, Isabelle, tó fi fún Edward Kejì, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1308. Ọmọkùnrin mẹ́ta! Ta ló máa rò pé adé máa wá orí tì? Ọmọ ò kúkú láyọ̀lé.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéyàwó láti Burgundy. Louis gbé Marguerite, Philippe gbé Jeanne, Charles gbé Blanche. Jeanne àti Blanche jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ìyá wọn sì ni Mahaut, obìnrin tó ni ilẹ̀ Artois. Ẹ di Mahaut mú dáadáa, ó ń bọ̀. (Jeanne pọ̀ nínú ìtàn yìí ju Bọ́lá lọ ní kíláàsì mi ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ ṣe sùúrù fún mi.)

Ní 1313 Philippe ṣe ayẹyẹ ńlá kan ní Paris láti fi àwọn ọmọ ẹ̀ joyè jagunjagun ẹlẹ́ṣin, Isabelle àti ọkọ ẹ̀ sì wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, Isabelle fún àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní pọ́ọ̀sì tí wọ́n fòwú ṣọnà sí, irú nǹkan tí àwa náà ń pín ní páátì, àfi pé tiwọn kì í ṣe abọ́ oníke. Ó ṣe díẹ̀, ó rí pọ́ọ̀sì ọ̀hún lára àwọn ọkùnrin méjì kan láàfin, Philippe àti Gautier d'Aunay, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ̀bùn tí ẹ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín, ẹ wá rí i tó ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀ níbàdí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ ilé àti ìyàwó ilé ṣe máa ń rí, kò sí ìyàwó tó lè fi nǹkan pa mọ́ fún ọmọ ilé tó lajú. Ó gbé e mì. Nígbà tó padà wá sí Faransé ní 1314, ó sọ fún bàbá ẹ̀.

Philippe ò pariwo, ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ wọn. Ibi tí wọ́n ní wọ́n ti ń pàdé ni Tour de Nesle, ilé ìṣọ́ kan létí odò Seine, ó dojú kọ Louvre láti òdìkejì omi. Wọ́n ti wó o tipẹ́, Institut de France ló wà níbẹ̀ báyìí, a tiẹ̀ gbabẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kejì, èmi ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ owó nù, àbúrò mi ń bi mí pé kí lò ń wá. Nígbà tí ọwọ́ tẹ àwọn ọkùnrin méjèèjì, wọ́n jẹ́wọ́, ní April wọ́n pa wọ́n ní Pontoise níṣojú gbogbo ayé lọ́nà tí mi ò ní kọ síbí torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yín máa ń gba fóònù yín kà, ẹ kàn mọ̀ pé wọn ò tètè kú. Wọ́n fá orí Marguerite àti Blanche kodoro, wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n ní Château Gaillard, ilé olódi kan tí Richard ọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sórí òkè ní Normandy. Jeanne ìyàwó Philippe, ẹ̀sùn tiẹ̀ ni pé ó mọ̀, kò sọ. Ọkọ ẹ̀ dúró tì í gbọin-gbọin, wọ́n dá a láre nílé ẹjọ́, ó padà sílé ọkọ ẹ̀. Mo fẹ́ràn Philippe yìí díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó máa tó tán.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló wá dùn mí. Marguerite ti bí obìnrin kan fún Louis, Jeanne lòun náà ń jẹ́, kò ju ọmọ ọdún méjì lọ. Látọjọ́ tí wọ́n ti fá orí ìyá ẹ̀, ẹnu ayé ò kúrò lára ọmọ yẹn mọ́. Ọmọ ta ni?

Philippe Arẹwà kú ní November 29 ọdún yẹn kan náà, Louis gorí oyè, ìyàwó ẹ̀ sì wà lẹ́wọ̀n. Kò lè fẹ́ òmíràn àfi tí Póòpù bá tú ìgbéyàwó ọ̀hún ká, Póòpù sì ti kú láti April, àwọn kádínà tó yẹ kó yan tuntun ń bá ara wọn jà, ọdún méjì ó lé ni kò fi sí Póòpù láyé. Ọba ń fẹ́ ọmọkùnrin, kò rí ìyàwó fẹ́. Ó wá ṣe kòńgẹ́ pé ní 1315 Marguerite kú nínú ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan ní wọ́n fún un lọ́rùn pa ni, àwọn kan ní òtútù orí òkè yẹn ló pa á. Èmi ò sí níbẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ní August ọdún yẹn Louis ti gbé Clémence ọmọ Hungary, wọ́n sì ti dé e ládé ní Reims.

Kí n má gbàgbé Enguerrand de Marigny, ẹni tó ń bójú tó owó fún Philippe Arẹwà. Charles de Valois, àbúrò Philippe, kórìíra ẹ̀ bí ìgbẹ́. Ọba kú tán, Charles ní kí wọ́n yẹ ìwé owó Marigny wò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan. Nígbà tí owó ò mú un, wọ́n ní oògùn ni, pé ìyàwó ẹ̀ ń lo ère tí wọ́n fi ìda mọ láti fi pa ọba. Wọ́n so ó rọ̀ ní Montfaucon ní April 30, 1315. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí àìsàn dá Charles de Valois gúnlẹ̀, wọ́n ní ó ń pín owó fún àwọn tálákà ní Paris, pé kí wọ́n gbàdúrà fún Enguerrand, kí wọ́n gbàdúrà fún Charles. Ẹ̀rí ọkàn.

June 5, 1316, ní Vincennes. Wọ́n ní Louis gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́, eré tí tẹ́níìsì jáde látinú ẹ̀, ó gbá a títí òógùn fi bò ó, ó wá lọ mu wáìnì tútù níbi tó tutù, ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 26 ni. Ó fi ọmọbìnrin kékeré tí ẹnu ayé wà lára ẹ̀ sílẹ̀, ó fi opó tó lóyún sílẹ̀. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí látọjọ́ Hugues Capet.

Ibo ni Philippe àbúrò ẹ̀ wà? Ó wà ní Lyon, ó ń bẹ àwọn kádínà pé kí wọ́n yan Póòpù. Ó ti búra fún wọn pé òun ò ní fipá mú wọn o. Bó ṣe gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun kú, ó kó gbogbo wọn sínú ilé àwọn àlùfáà Dominican, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ṣọ́jà sẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọn ò ní jáde àfi tí wọ́n bá yan ẹnì kan, ó gun ẹṣin, ó forí lé Paris. Ní August 7 wọ́n yan Jean Kejìlélógún, bàbá arúgbó kan láti Cahors. Ìgbà yẹn Philippe ti di adelé ọba. Ẹ rí irú èèyàn tó jẹ́, ó gbọ́ ikú ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó fọwọ́ kan yan Póòpù, ó fi èkejì di ààfin mú.

Ẹni tó ń jà fún Jeanne kékeré ni Eudes, ìjòyè Burgundy, àbúrò ìyá ẹ̀. Òun àti Philippe ṣàdéhùn ní July: tí ìyàwó Louis bá bí ọkùnrin, òun ni ọba, tó bá bí obìnrin, kí wọ́n dúró kí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì bàlágà, kí wọ́n wá wo ohun tó tọ́ sí wọn. Ẹ kíyè sí i, nínú July 1316 kò sẹ́ni tó sọ pé obìnrin ò lè jọba. Wọ́n ní ká dúró ni.

Òru November 14 mọ́jú 15, Clémence bí ọkùnrin. Wọ́n dúpẹ́, agogo ń dún. Ọjọ́ márùn-ún, ó pin. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé Mahaut ló fún ọmọ ní májèlé, pé òun náà ló fún Louis, kí ọkọ ọmọ òun lè jọba. Ẹjọ́ dé iwájú ọba ní 1317, wọ́n dá a láre, ọba tó sì jókòó níbẹ̀ náà ni ọkọ ọmọ ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Àmọ́ tí ẹ bá bi mí, mi ò rò pé ó ṣe é. Láyé ìgbà yẹn ọmọ tuntun ń kú bí ẹni já ewé, ọmọ ọba, ọmọ tálákà, kò dìgbà tẹ́nì kan bá fún un ní nǹkan jẹ. Nígbà tó tún ṣe, ní bíi 40 ọdún lẹ́yìn náà, oníṣòwò kan jáde ní Siena, Giannino lorúkọ ẹ̀, ó lóun gan-an ni Jean, pé wọ́n fi ọmọ alágbàtọ́ pààrọ̀ òun ni, ó kó ọmọ ogun jọ, ẹ̀wọ̀n ní Naples ló bá a lọ. Èèyàn ò rí nǹkan ṣe.

Bí ọmọ náà ṣe kú, àdéhùn July kú pẹ̀lú ẹ̀. Philippe ò dúró de kí ẹnikẹ́ni bàlágà. January 9, 1317, ó wà ní Reims fún adé. Ìgbà tí mo ka ibí ni mo pe àbúrò mi, mo ní ṣé o rí ẹ̀mí? Wọ́n ti gbogbo géètì ìlú, wọ́n fi ṣọ́jà sí wọn bí ẹni ogun ń bọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìjòyè àgbà tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò wá. Charles, àbúrò ẹ̀ tí wọ́n jọ jáde látinú ìyá kan, dé ìlú, ó bínú, ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ adé gan-an. Àgbà obìnrin kan tó ń jẹ́ Agnès, ìyá Marguerite, tó jẹ́ ọmọ ọba àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Saint Louis fúnra ẹ̀, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣe yìí kò dáa, pé ọmọ-ọmọ òun ló ni ìjókòó yẹn. Wọn ò dá a lóhùn. Àárín àwọn tó sì nawọ́ mú adé lórí ọba tuntun ni Mahaut wà, torí pé òun ni Artois, ìjòyè àgbà lòun náà. Àwọn èèyàn ń kùn pé obìnrin ń fọwọ́ kan adé.

Ẹ tún un kà. Obìnrin ló gbé adé sórí ọkùnrin tó ń gba adé lọ́wọ́ obìnrin. Mahaut yìí kan náà, nígbà tí bàbá ẹ̀ kú sójú ogun Courtrai ní 1302, ọmọ tí ọmọ ìyá ẹ̀ ọkùnrin bí, Robert, ní òun ló yẹ kó jogún Artois, wọ́n ní rárá, Mahaut ni ọmọ, ọmọ ló ń jogún. Ọmọbìnrin lè jogún Artois tọkàn-tọkàn, àmọ́ tó bá dórí adé, ó di èèwọ̀.

Ó di February, Philippe pe àwọn ìjòyè, àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn aráàlú Paris àtàwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì jọ, gbogbo wọn wá fẹnu kò pé obìnrin kì í jẹ ọba Faransé. Ẹ wo déètì: ó gun orí oyè ní January, òfin dé ní February. Ó jókòó sórí àga tán kó tó lọ wá ìwé àga. Eudes tó ń jà fún Jeanne ńkọ́? Wọ́n fún un ní ọmọ Philippe fẹ́ ní 1318, ọmọ tó máa jogún Artois lọ́jọ́ iwájú. Ẹnu ẹ̀ pa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dá wà lójú agbo.

Mi ò ní purọ́ fún yín, Philippe Karùn-ún ṣe ọba dáadáa, ó tún ètò owó ṣe, ó tún ilé ẹjọ́ ṣe. Àmọ́ eérú ń tọ ẹni tó dà á. Ọmọkùnrin kékeré tó ní kú ní 1317, kò pẹ́ lẹ́yìn adé, ibẹ̀ ni Charles àbúrò ẹ̀ ti wá mọ̀ pé inú òun ò bí mọ́, ó bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rẹ́. Nígbà tí Philippe fúnra ẹ̀ kú ní January 3, 1322, obìnrin mẹ́rin ló fi sílẹ̀. Mẹ́rin! Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ pè wọ́n sípàdé. Òfin tó fi lé ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jáde ló lé àwọn ọmọ tiẹ̀ náà, Charles wọlé, ó jókòó.

Ìyàwó Charles ni Blanche, ó ṣì wà ní Château Gaillard láti 1314. Póòpù ti wà báyìí, ó tú ìgbéyàwó ká ní 1322, wọn ò tiẹ̀ fi ti àgbèrè ṣe, wọ́n ní Mahaut ìyá Blanche ló gbé Charles dúró nígbà tí wọ́n ń ṣèrìbọmi fún un, pé ìyá ìsàmì ẹ̀ ni, kò lè fẹ́ ọmọ ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ṣègbéyàwó kó tó yé wọn. Ó fẹ́ Marie ti Luxembourg, Marie kú ní 1324 tòun toyún. Ó fẹ́ Jeanne d'Évreux (mo ti sọ fún yín nípa Jeanne). Charles náà kú ní Vincennes ní February 1, 1328, ó fi opó tó lóyún sílẹ̀. Àwòrán kan náà tún padà. Gbogbo Faransé tún ń ka oṣù mọ́ obìnrin kan lọ́wọ́. April 1, ó bí obìnrin, Blanche.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta Philippe Arẹwà ti tán nìyẹn, nínú ọdún 14. Ta ló kù? Isabelle kù. Isabelle oní-pọ́ọ̀sì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti àlè ẹ̀, Roger Mortimer, ti kógun wọlé ní 1326, wọ́n ti yọ ọkọ ẹ̀ lórí oyè, ọmọ ẹ̀ Edward Kẹta ló wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 15. Àlè mà ni mo sọ o, obìnrin tó tú àṣírí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Isabelle ní ọmọ òun ló kàn ní Faransé, torí nínú gbogbo àwọn ọkùnrin tó wà láyé, òun ló sún mọ́ Charles jù. Àwọn ìjòyè Faransé dá a lóhùn pé ìwọ fúnra ẹ ò lè jẹ, ohun tóò ní, báwo lo ṣe fẹ́ fún ọmọ ẹ?

Ẹ wá so okùn yẹn pọ̀ fún mi. Tí Isabelle bá di ẹnu, kò sẹ́ni tó máa fura sí Jeanne kékeré. Tí wọn ò bá fura sí i, ó máa ṣòro fún Philippe láti tì í sẹ́yìn. Tí wọn ò bá tì í sẹ́yìn, wọn ò ní nílò òfin February 1317. Òfin yẹn ni wọ́n wá fi lé Isabelle jáde ní 1328. Ó fún wọn ní pọ́ọ̀sì ní 1313, ọdún 15 lẹ́yìn náà, wọ́n dá a padà fún un.

Ẹni tó jẹ ni Philippe de Valois, ọmọ Charles de Valois tó pa Marigny. Bàbá yẹn jẹ́ ọmọ ọba, àbúrò ọba, àbúrò bàbá ọba mẹ́ta, bàbá ọba, òun fúnra ẹ̀ ò jọba rí, ó kú ní 1325, ọdún mẹ́ta péré ló kù kí adé bọ́ sílé ẹ̀. Wọ́n dé ọmọ ẹ̀ ládé ní May 29, 1328. Àwọn ará Flanders ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ọba àwárí, bí ẹni he owó lójú ọ̀nà. Ó fi ogun Cassel dá wọn lóhùn ní August. Edward wá tẹríba fún un ní Amiens ní 1329 nítorí ilẹ̀ tó ní ní Aquitaine, ó ń tẹríba, inú ń ru. Robert, èyí tí kò rí Artois gbà lọ́wọ́ Mahaut, lọ ṣe ayédèrú ìwé, wọ́n dáná sun obìnrin tó bá a ṣe é ní 1331, òun sá lọ sọ́dọ̀ Edward. Ní 1337 Philippe de Valois gba Aquitaine lọ́wọ́ Edward, ó ní torí pé ó gba ọ̀tá òun sílé. Ní 1340 Edward pe ara ẹ̀ lọ́ba Faransé, ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Ọgọ́rùn-ún Ọdún nìyẹn. Àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ò sì yọ "ọba Faransé" kúrò lára oríkì wọn títí di 1801, nígbà yẹn Faransé ò tiẹ̀ ní ọba mọ́.

Òfin Salic? Ẹ̀yìn gbogbo ìjà yìí, ní nǹkan bíi 1358, ni àlùfáà kan ní Saint-Denis tó rí ìwé òfin àtijọ́ àwọn Frank, ẹ̀yà tó jọba níbẹ̀ láyé àtijọ́, nínú ìwé wọn, ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ogún ilẹ̀. Ó tún pẹ́ kí wọ́n tó wá máa tọ́ka sí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló ti wà látilẹ̀wá. Inú ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń wá oúnjẹ yẹn náà!

Jeanne ọmọ Marguerite, wọ́n gbé e fún Philippe d'Évreux, ìbátan ẹ̀. Àmọ́ Navarre, ilẹ̀ ọba mìíràn tó jẹ́ pé ìyá bàbá ẹ̀, ìyàwó Philippe Arẹwà, ló mú un wá sínú ìdílé, kò ní èèwọ̀ kankan lórí obìnrin. Nígbà tí Charles kú ní 1328, àwọn ará Navarre ní àwọn ò mọ ọba àwárí kankan, ọmọ Louis làwọn mọ̀. Wọ́n dé òun àti ọkọ ẹ̀ ládé ní Pamplona ní March 1329. Ó jọba 20 ọdún. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ló pa á ní 1349, wọ́n sì gbé òkú ẹ̀ lọ sí Saint-Denis, sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú Louis, bàbá tí wọ́n ní kì í ṣe bàbá ẹ̀.

Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé òun ló yẹ kí n wá. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp lálẹ́ àná pé mo ń padà bọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀, Saint-Denis la máa kọ́kọ́ lọ. Ó ní kò burú, àmọ́ kí n kọ́kọ́ san owó tíkẹ́ẹ̀tì ti àkọ́kọ́ tó wà lọ́rùn mi.